Husseini àti Paramọ́lẹ̀ Inú Yàrá Kajú

Alágídí ni Husseini ará ìlú Manigri ní ilẹ̀ Benin. Bí ó bá ti sọ pé rárá, kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Iṣu àti kajú ló ń gbìn bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú, ṣùgbọ́n ẹran afàyàfà tó ń sìn ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ó ní erè, ó ní ahun, ó tún ní paramọ́lẹ̀ ńlá kan tó ti mú láti kékeré. Àwọn èrò ọ̀nà Bassila a máa yà wá wò ó, Husseini a sì máa yan káàkiri àgbàlá bí ọba.

Nígbà tó yá, òfin tuntun dé. Àwọn aṣọ́gbó wá láti Bassila, wọ́n pe gbogbo ẹni tó ń sin irú ẹran bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ mú erè àti ahun yín wá, a ó kọ orúkọ yín, ẹ ó sì máa sìn wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ejò olóró kò gbọ́dọ̀ sí nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Inú igbó la ó dá wọn padà sí. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìkórè kajú, ẹ̀wọ̀n ni."

Daouda, ọ̀rẹ́ Husseini tó ń gbé ní Bassila, náà ń sin ejò. Ó kó àwọn olóró tirẹ̀ lọ fún wọn, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ wá sí Manigri.

"Ó dùn mí, n kò ní purọ́," Daouda sọ. "Ṣùgbọ́n àwọn ahun mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Dìde, jẹ́ ká jọ lọ."

"Ìwọ lo bẹ̀rù wọn. Ta ni yóò pàṣẹ fún mi lórí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi, òfin ni."

"Òfin ò wọ ilé mi."

Husseini mọ̀ pé bí òun bá mú erè lọ, wọn yóò béèrè paramọ́lẹ̀ tí gbogbo ayé ti rí. Nítorí náà, ó pa irọ́ fún àwọn aṣọ́gbó pé òun ti tú gbogbo wọn sínú igbó. Ó kó wọn sí yàrá tí wọ́n ń kó kajú sí lẹ́yìn ilé, ó kan pákó mọ́ fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí.

Láti ìgbà náà, kò rímú mí mọ́. Bí ó bá lọ sóko, kò ní pẹ́ tí yóò fi sáré padà, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wo yàrá náà. Iṣu ń jẹrà nínú ebè. Àyà rẹ̀ a já bí alùpùpù bá dúró níwájú ilé. Òjò ń jò wọ yàrá kajú, kò sì lè pe káfíńtà. Àwọn ẹgbẹ́ Moutiatou ìyàwó rẹ̀ kò lè wọlé mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí wọn.

Lẹ́yìn ìkórè kajú ni Rùmáísà ọmọ wọn, tó wà nílé ọkọ ní Pénéssoulou, bímọ. Ó fẹ́ wá sílé kí ìyá rẹ̀ máa bá a wẹ ọmọ. Husseini fi àáké kọ́rí.

Moutiatou kúnlẹ̀. "Bàbá Rùmáísà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni."

"Kó jókòó sílé ọkọ rẹ̀."

"Ṣé nítorí ejò náà ni?"

Husseini fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yẹn," ni obìnrin náà sọ, "ṣùgbọ́n gbogbo wa lẹ tì mọ́bẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Husseini gbé eku lọ fún paramọ́lẹ̀ náà. Pákó ojú fèrèsé ti mú kí yàrá ṣókùnkùn, kò sì rí i pé ọmọrí àpótí tí ejò náà wà nínú rẹ̀ ti yẹ̀. Bí ó ti ń táràrà, ejò bù ú jẹ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó sáré jáde. Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kó tó ké.

"Ẹ̀gún ló gún mi," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọwọ́ náà ń wú. Moutiatou bẹ̀ ẹ́ títí pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù, ó kọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́, àwọn aṣọ́gbó yóò gbọ́. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó dojú kọ ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, apá ti wú dé èjìká, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Moutiatou kò gba àṣẹ mọ́. Ó pe Daouda, ìyẹn wá ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Bassila.

"Bàbá, kí ló ṣe yín?" ni dókítà béèrè.

"Ẹ̀gún ni."

"Irọ́ ni, dókítà!" Moutiatou bú sẹ́kún. "Paramọ́lẹ̀ ni. Ó wà nílé wa."

Oògùn tí wọ́n fún un gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti kú. Wọ́n gé e kúrò láti ọrùn ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aṣọ́gbó, wọ́n sì wá sí Manigri. Moutiatou fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n kó paramọ́lẹ̀, wọ́n sì kó erè àti ahun tí òfin ìbá fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí egbò rẹ̀ jinná, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n.

Rùmáísà gbé ọmọ rẹ̀ wá kí i níbẹ̀. Husseini na apá méjèèjì láti gba ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo kò lè gbà á dáadáa, ọmọ náà sì fẹ́ yọ̀ bọ́. Rùmáísà tètè gbà á padà sí àyà. "Ẹ fi ojú wò ó, Bàbá," ló sọ jẹ́jẹ́. Husseini wò ó títí tí wọ́n fi ní kí àlejò máa lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí ìtàn yìí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni òfin béèrè lọ́wọ́ Husseini. Àgídí kò jẹ́ kó fi í sílẹ̀, ó sì pàdánù gbogbo rẹ̀, tọwọ́tọwọ́. Bí a bá fẹ́ràn nǹkan débi pé a ń purọ́ nítorí rẹ̀, tí a sì ń ti ọmọ wa mọ́ta nítorí rẹ̀, nǹkan náà ti di ọ̀gá wa. Ká tètè gbọ́ràn nígbà tí ohùn ṣì jẹ́ ti ọ̀rẹ́, ká má dúró dìgbà tí adájọ́ yóò sọ̀rọ̀. Bí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́ nígbà tí oògùn ṣì lè ràn án.