Pákó Kì í Parọ́

Nígbà tí ìrìn àjò káfíńtà ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun fẹ́ ṣe àga fún ìyàwó òun kí òun tó lọ. Aránṣọ ni ìyàwó náà. Orí bẹ́ńṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì ló máa ń jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọjọ́ wo ni bẹ́ńṣì náà kò sì fẹ́ gbé e ṣubú.

Ẹni tó ń ta pákó kọ́kọ́ fa afàrà yọ fún un. Káfíńtà ní kó dá a padà, pé bó ṣe funfun lónìí náà ló máa wà títí ayé, kò ní ìtàn kankan tó máa sọ. Ọ̀gbẹ́ni náà fa osùn yọ, pupa rẹ̀ ń tàn.

"Ẹwà ọjọ́ kan nìyẹn," ni káfíńtà wí. "Kò ní í pẹ́ ṣá. Ìrókò ni kẹ́ ẹ fún mi, èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń rí i, bí èèyàn bá ṣe ń jókòó lé e, bẹ́ẹ̀ láá máa dúdú títí tó fi máa dà bíi tábà."

"Fún títà ni àbí fún ilé?"

"Fún ìyàwó mi ni. Mi ò ní í sí nílé."

Ẹni tó ń ta pákó bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Ẹ fẹ́ fi àga ṣọ́ ìyàwó."

"Èèyàn ló ń parọ́," ni káfíńtà fèsì, kò rẹ́rìn-ín. "Pákó kì í parọ́. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

Ó fá a, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Kò kun fáníìṣì, òróró díẹ̀ ló fi pa á lára. Ó la bẹ́ńṣì àtijọ́ náà sí igi ìdáná. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó gbé àga sábẹ́ fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àga náà bá a ṣàwàdà. Aránṣọ gbá a léjìká. Mọ́tò fọn fèrè, káfíńtà wọlé sínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ìrìnnà rẹ̀ nínú àpò.

Iṣẹ́ ọdún méjì di mẹ́sàn-án. Iléeṣẹ́ kan lókè òkun tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga inú ọkọ̀ ojú omi ló gbà á. Wọn ò tètè ṣe ìwé ìgbélùú rẹ̀ fún un, bó bá sì jáde nílùú náà, kò ní í lè padà wọ̀ ọ́. Kò fẹ́ obìnrin mìíràn níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò rí. Àárò ilé ń sọ ọ́ gan-an. Bó bá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, kì í gbàgbé àga.

"Ṣé ó ti ń dúdú?"

"Ẹ sáà máa bọ̀," ni aránṣọ á wí, á sì rẹ́rìn-ín. "Ojú yín lẹ máa fi rí i."

Lọ́jọ́ tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Wọ́n rìn díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó wúkọ́.

"Obìnrin tó dá gbé fún ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ti dé inú yàrá, mo máa mọ̀."

Aránṣọ ti rù. Ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, àwọn aṣọ oníbàárà yí i ká. Àga wà lábẹ́ fèrèsé. Ó pọ́n bí ìyeyè, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ayùn là á.

"Ẹ wò ó!" Aránṣọ pàtẹ́wọ́, omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ wò ó dáadáa! Ṣé ó yí padà?"

"Kò yí padà," ni káfíńtà wí.

Ó dojú àga dé. Ìsàlẹ̀ àti òkè, àwọ̀ kan náà ni. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀ níbi tí itan èèyàn ti máa ń ha igi. Ó ṣì mú. Àga kì í wà lábẹ́ fèrèsé yìí fún ọdún mẹ́sàn-án kó rí báyìí. Níbo ni àga yìí wà láti ọjọ́ yìí? Níbo ni ẹni tó ni ín wà? Kò bi í. Kí lèèyàn ń bi ẹni tó máa parọ́ fún un?

Ó jẹun tán, kò tú báàgì tó fi kó aṣọ wá fún un. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé báàgì náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kò gbé ilé yẹn," ló wí. "Kò jókòó lórí àga yẹn rí. Ìgbà tó gbọ́ pé mò ń bọ̀ ló gbé e jáde."

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Kí ọdún tó parí, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ránṣẹ́ sí aránṣọ pé kó kó ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ tó jẹ́ obìnrin, tó wá bá a di ẹrù, bi í pé kí ló dé tí kò fi lo àga tí wọ́n dìídì ṣe fún un, aránṣọ sì dáhùn pé, "Ọkọ mi ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà níbí, pé bí àga yìí bá dúdú kí òun tó dé, kí n fẹ́ ọkọ mìíràn, èmi ò sì fẹ́ ọkọ mìíràn, ni mo bá wé e sínú aṣọ, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó sílẹ̀."