Ta Ló Na Julianah?

Gbogbo èrò ọsibítù ń wò mí, n kò sì ní rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Béjidé tó dúró síbẹ̀ yẹn, ọkọ Julianah àbúrò mi, òun ló nà án dà báyìí."

Iléṣà nìyí, ọdún 1971. A ò ta ọmọ wa lọ́pọ̀ fún akọ̀wé rélùwéè kankan láti Òṣogbo.

Mo ká aṣọ Julianah sókè fún dókítà. Àmì dúdú-dúdú wà káàkiri itan rẹ̀, ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ibà ò kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò nà án rí," ni Béjidé wí. "Mo ti ní ká gbé e wá tipẹ́, ẹ ò gbà."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Dókítà fọwọ́ kan àmì ẹ̀yìn Julianah. "Tuntun lèyí, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ ta ló wà láti ìjẹta?"

Mo fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ mi ni. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti gbà á lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀."

"Màmá, kò sẹ́ni tó nà án. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni mo fura sí, òun ló ń fi àmì sí i lára báyìí. Kì í dúró deni, àwa náà ò ní dúró. Ó nílò ẹ̀jẹ̀ lónìí."

Ládùúgbò wa, wọ́n ní ẹni tó bá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ò ní pẹ́ kú. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.

Mo lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

Béjidé ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè ṣáájú mi.