Orúkọ Tuntun Kì í San Owó-Orí

Gbèsè tí kò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa kan ilẹ̀kùn, Ọlọ́runníyì kì í kà á sí gbèsè. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Kòkó ló ń rà káàkiri Ìdànrè, láti Ọ̀wẹnà títí dé Òfosù, tó sì ń tà fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Bó bá jẹ àgbẹ̀ ní kọ́bọ̀, yóò san án. Ṣùgbọ́n owó-orí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Níyì Kòkó, kò kàn án rárá.

"Ta ni ń jẹ́ ìjọba?" ló máa ń wí. "Ṣé ìjọba ní ìyàwó tó máa wá sunkún sí mi lọ́rùn?" Á wá bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn agbowó-orí kọ̀wé sí i, kò dáhùn. Wọ́n tún kọ̀wé, ó fi ìwé náà dáná. Nígbà tó yá, wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù l'Ákùúrẹ́, kò yọjú, adájọ́ sì dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ wá já díẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Fáníyì ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó ń ṣàìsàn, wòlíì ìjọ Aládùúrà tó ń lọ yí orúkọ náà sí Ọlọ́runníyì, àìsàn sì lọ. Ó wá ní ohun tó bá ara mu yóò bá òwò mu. Ó pa Níyì Kòkó rẹ́ lára ògiri sítọ́ọ̀ rẹ̀, ó kọ Olúwapamílẹ́rìn Kòkó síbẹ̀. Ó forúkọ náà sílẹ̀, ó sì ṣí àkáǹtì tuntun.

Olúrónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní, "Bàbá Ẹwà, ẹ lọ san owó yìí. Àìsàn ló gbọ́ orúkọ tuntun tó sá. Gbèsè ò bẹ̀rù wòlíì."

"Ìyá Ẹwà, ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Níyì Kòkó. Níyì Kòkó náà dà? Ó ti kú! Kí wọ́n lọ gbowó lọ́wọ́ òkú."

Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ní ń sọ pé ẹga ń pàtótó.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kòkó wọ́n bí ojú. Ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó ní bó bá lè kó kòkó kún sítọ́ọ̀ náà ṣáájú Kérésì, ọwọ́ rẹ̀ nìkan làwọn yóò ti máa rà á ní gbogbo Ìdànrè. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ló bá lọ béèrè ẹ̀yáwó ní báńkì. Kí báńkì tó fèsì, ó ti ń yí ká ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀.

"Ẹ má ta kòkó yín fún ẹlòmíì o! Èmi ni mò ń bọ̀ wá kó o, màá sì san ju tiwọn lọ."

Wọ́n gbà á gbọ́. Bàbá Ignatius, àgbà àgbẹ̀ tó ti ń ta kòkó fún un kó tó ní mọ́tò, to gbogbo àpò rẹ̀ sí yàrá, ó ń retí rẹ̀.

Stephanie, ọ̀dọ́mọbìnrin tó dá a lóhùn ní báńkì, ọmọ Ìdànrè ni. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí.

"Dádì, ẹ má bínú. Kírẹ́díìtì rípọ́ọ̀tù yín ò dáa. Òun ni àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, tí gbogbo báńkì máa ń wò kí wọ́n tó yáni lówó. Ẹjọ́ owó-orí Níyì Kòkó wà nínú ẹ̀."

"Níyì Kòkó kọ́! Olúwapamílẹ́rìn là ń jẹ́ báyìí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ni méjèèjì, sà. BVN, nọ́ńbà tí gbogbo báńkì fi ń dá yín mọ̀, kan náà ni. Ẹ yí orúkọ, nọ́ńbà yín ò yí."

"Tí mo bá wá san án lónìí ńkọ́?"

"Á dáa kẹ́ ẹ san án, sà. Àmọ́ ó máa pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ bá ti bá wọn sọ ọ́ kó tó dé kóòtù."

Àjẹsílẹ̀ gbèsè ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà tó ná. Gbogbo báńkì tó tún wọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún un. Ojú tì í láti lọ sọ fún àwọn àgbẹ̀, ló bá dákẹ́. Òjò ń rọ̀, kòkó sì ń bu nínú àpò. Kérésì dé, sítọ́ọ̀ ṣófo. Ilé-iṣẹ́ Èkó kọjá lọ bá Gbémisọ́lá, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òwò kòkó sílẹ̀ lánàá òde yìí, tó sì ń san owó-orí rẹ̀ déédéé.

Àwọn àgbẹ̀ ta kòkó bíbu wọn ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì gbé Ọlọ́runníyì dé iwájú àwọn àgbà ìlú. Ó ta mọ́tò, ó ta sítọ́ọ̀, kó tó lè san àdánù wọn àti owó-orí náà.

Nígbà tí kòkó tún so, ó lọ bá Bàbá Ignatius, ó ní kó fún òun ní àpò díẹ̀, pé tóun bá tà á tán, òun á mówó wá, bí wọ́n ti máa ń ṣe látijọ́.

Bàbá ní, "Níyì, jókòó. Iyán wà nílẹ̀, wá jẹun. Ṣùgbọ́n kòkó mi, owó ọwọ́ ni mò ń tà á, n kì í tà á láwìn mọ́."

Ó jókòó. Kò lè jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Owó-orí tẹ́ ẹ jẹ kì í sùn. Bí ìwé bá dé, ẹ dáhùn. Bí owó ò bá sí, ẹ lọ bá wọn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, nítorí tó bá di ẹjọ́, ibi tí gbogbo ayánilówó ń wò ló ń lọ jókòó sí. Ẹni tó bá sì fi irọ́ bo gbèsè mọ́lẹ̀, ojú báńkì nìkan kọ́ ni orúkọ rẹ̀ yóò ti bà jẹ́.