Kọfí Onígbàjámọ̀

Abẹ gbọ̀n lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, oníbàárà rẹ̀ sì fò dìde tòun ti ọṣẹ lágbọ̀n.

"Ọ̀gá, irùngbọ̀n ni mo ní kẹ́ ẹ fá o, mi ò ní kẹ́ ẹ dúńbú mi!"

"Ẹ jókòó jàre, kọfí ló ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n." Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Rédíò ló ní àwọn tó ń mu kọfí kì í sábà ní àrùn Pákínsìn, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó pa bàbá mi. Bàbá yẹn, títí ó fi kú, òtútù ló ní ó ń mú òun! Èmi ọlọ́gbọ́n wá sọ kọfí di omi mímu. Ẹ wo ọwọ́ mi báyìí, bí ẹní ń jó. Mo sá fún òjò, mo bọ́ sódò."

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó padà.

"Ìyá Ìbejì!" Onígbàjámọ̀ ké sí ìyàwó rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. "Má po kọfí fún mi mọ́ o. Mo ti jáwọ́!"

Ìyàwó gbé ife kọfí jáde lórí àwo. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Nígbà tẹ́ ò rí oorun sùn mọ́, mo lọ ra èyí tí wọ́n ti yọ ohun tó ń lé oorun, tó ń mú ara gbọ̀n, kúrò nínú ẹ̀. Inú agolo àtijọ́ ni mò ń dà á sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọwọ́ yín ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà yẹn."

Oníbàárà rọra nu òógùn ojú rẹ̀; oòrùn ọ̀sán ti wọlé dé ìdí àga. Onígbàjámọ̀ gba ife náà, ife sì ń lu àwo kẹ́kẹ́kẹ́.

"Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn," ó ní. "Òtútù yìí ti pọ̀ jù."