Ohun Tó Há Sínú Ẹ̀rọ

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa sin ọkọ Adúnọlá, ìwé ètò ìsìnkú kò sì tíì jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣáà ń sọ pé bébà há sóun nínú. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Bùsúyì tó máa ń bá a tún un ṣe dé. Ó ṣí i níwájú, ó ṣí i lẹ́yìn, kò rí bébà kankan.

"Ẹ bá mi yọ wáyà iná, Mà."

Adúnọlá yọ ọ́. Síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ tí nǹkan rọra ń yí nínú ẹ̀rọ. Etí bébà kan yọ díẹ̀. Bùsúyì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á. Nǹkan fà á padà.

"Bùsúyì, jù ú sílẹ̀!"

"Mo ti jù ú sílẹ̀, Mà." Ó ń fa apá rẹ̀ sẹ́yìn. "Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú."