Táì Kanwar àti Ìwé Kejì

Kanwar ń lọ táì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Lọ́la ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Kitchener, ní Kánádà. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi tí a jọ ń gbé ilé kan náà ń jẹ parátà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, lọ́wọ́; mo bi í: "Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mo ní ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́. Ṣebí òun ni mo fi ń gbé písà kiri!"

"Ti písà yàtọ̀. Iṣẹ́ ìdánrawò ní ìwé tirẹ̀."

"Àǹtí Oníwèé! Ó ń dùn ọ́ pé ọ́fíìsì ńlá ló gbà mí. Ìwọ ńkọ́, ibo ni wọ́n gbà ọ́ sí?"

"Ọ́fíìsì kan ṣá."

Kò béèrè sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ti kan Kanwar kì í pẹ́ sú u.

Ilẹ̀ mọ́. Kanwar wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní kó lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì wò.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé kalẹ̀, ó ń wo táì rẹ̀ nínú gíláàsì.

Ọmọbìnrin ìdí tábìlì kò gbójú sókè.

"Ti ẹ̀kọ́ nìyí. Ti iṣẹ́ dà?"

Òógùn bo Kanwar. "Ẹ jọ̀ọ́, màdáámú, ẹ ṣàánú mi!"

Mo gbójú sókè. Èmi ni.

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ibí ni wọ́n gbà ọ́ sí?"

Mo ti fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ iṣẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

"Ọ́fíìsì kan ṣá."