Olùkọ́ Tó Fi Ọmọ Tó Ń Béèrè Joyè

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹ má wulẹ̀ ka ìdajì kí ẹ tì í sínú gúrúùpù ẹlẹ́gbẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Àgídìngbì ni Ayọ̀tọ́lá. Ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí rẹ̀ sì pé sí ìṣirò. Nígbà tó kan àkókò tí wọ́n ń pè ní TP, tí wọ́n máa ń rán irú wọn lọ kọ́ ọmọ fún ìgbà díẹ̀ kí olùyẹ̀wò lè wá wò wọ́n, ilé ìwé ìjọba kan ní Agége ni wọ́n gbé e sí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó de táì, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kọ bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀, ìyẹn fraction, sójú pátákó, ó ṣàlàyé rẹ̀ kíákíá, ó wá béèrè pé ṣé ó yé wọn. Gbogbo kíláàsì fi ohùn orin dáhùn pé, "Ó yé wa, sà!" Inú Ayọ̀tọ́lá dùn. Ó ń rò ó lọ́kàn pé àwọn olùkọ́ àtijọ́ kàn ń pariwo lórí iṣẹ́ tó rọrùn ni.

Màmá Akínfẹ́nwá, olùkọ́ àgbà tó ni kíláàsì náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kó má gbára lé orin yẹn, pé láti jẹ́léósinmi ni àwọn ọmọ ti ń kọ ọ́, wọn kì í sì í ronú kí wọ́n tó kọ ọ́. "Ọmọ tó bá ní kò yé òun," ni Màmá wí, "òun gan-an ni kí o dì mú." Ayọ̀tọ́lá ní òun ti gbọ́, mà. Etí lásán ló fi gbọ́ ọ.

2.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìjókòó iwájú, Uswat lórúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Sìlífátù, ń wé búrẹ́dì sínú ọ̀rá ní ilé búrẹ́dì kan lẹ́yìn ibùdó rélùwéè. Uswat nìkan ni kì í bá wọn kọ orin. Bí àwọn yòókù bá kígbe tán, á nawọ́, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi. Kí ló dé tí a ò kàn ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pọ̀ bí a ṣe ro tòkè?"

Ìbéèrè gidi ni o. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Ayọ̀tọ́lá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kàkà kó ní òun máa lọ wò ó wá, ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú. Lọ́jọ́ tí Uswat tún nawọ́, Ayọ̀tọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ kí Ìyálóde Kò-Yé-Mi."

Wọ́n dìde lóòótọ́. Àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan dọ̀bálẹ̀ láàárín àga, wọ́n ń ṣàdúrà pé kó pẹ́ lóyè. Ẹ̀rín sọ, olùkọ́ náà bá wọn rín in. Uswat rọra jókòó, ó fi etí híjáábù rẹ̀ bo ẹnu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyè tí olùkọ́ bá fi ọmọ jẹ kì í tán sí kíláàsì. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ojú irin. Kò nawọ́ mọ́. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Ayọ̀tọ́lá rí àga tó ṣófo, ó ní bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Ká má parọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

3.

Olùyẹ̀wò dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ayọ̀tọ́lá kọ́ ẹ̀kọ́ náà dé òpin, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè, orin "Ó yé wa, sà" sì gba gbogbo kíláàsì. Olùyẹ̀wò ní kí Job dìde kó ṣàlàyé ohun tó yé e. Job ń wo àjà. Wọ́n kọjú sí Divine, Divine ń wo Job. Wọ́n yí kíláàsì ká, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Olùyẹ̀wò wá béèrè pé ṣé kò sí ẹni tó máa ń béèrè nǹkan níbẹ̀ ni. Emmanuel, tó jókòó lẹ́yìn, dáhùn pẹ̀lú òtítọ́ ọmọdé, "Uswat ló máa ń béèrè, sà. Àtìgbà tí wọ́n ti fi í jẹ Ìyálóde, kò wá mọ́."

"Ta ló fi í jẹ ẹ́?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ayọ̀tọ́lá. Bó ṣe fìdí rẹmi nínú TP nìyẹn. Màmá Akínfẹ́nwá ò bá a wí. Wọ́n kàn júwe ilé búrẹ́dì náà fún un.

4.

Ayọ̀tọ́lá lọ síbẹ̀. Bí Sìlífátù ṣe gbọ́ pé olùkọ́ ọmọ òun ni, ó kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà ló tún ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ má bínú sí wa, sà. Uswat ní orí òun ò gba ìwé, pé òun kàn ń dá kíláàsì dúró fún yín. Mo ti bá a wí dáadáa."

Omi bọ́ lójú Ayọ̀tọ́lá. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ìyẹ̀fun, ó ní, "Ẹ dìde, mà. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Sìlífátù yíjú sí Uswat tó ń wé búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ti ń bá wí láìṣẹ̀ ló ń wò.

Ayọ̀tọ́lá sọ fún Uswat pé ìbéèrè rẹ̀ ló dára jù ní kíláàsì, pé òun alára ni kò mọ̀ ọ́n, pé òun ti lọ kọ́ ọ wá. Ó ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Uswat káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ayọ̀tọ́lá bi í pé kí ló kù tó fẹ́ béèrè.

"Kò sí, sà," ni ọmọ náà wí, ó sì padà sídìí búrẹ́dì. Màmá Akínfẹ́nwá ti lọ bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì padà sílé ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ọmọ tó ń bi yín léèrè kò fojú di yín, ó gbà pé ẹ mọ̀ ni. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kò ní kí iyì yín já bọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní ìwé ti sú òun, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n sọ fún un kí ẹ tó bá a wí. Ayọ̀tọ́lá yóò tún TP ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ kò sí ibi tó ti fẹ́ rí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn gbé mì padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.